Ewé Aláìléwé

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Lẹ́tà rẹ dé, Klaas. Ọ̀sẹ̀ méje àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí o lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti gbà á. Ọ̀gbẹ́ni K. Dirkse ni wọ́n kọ sára rẹ̀, nítorí náà orí àga tìrẹ ni mo jókòó sí kí n tó ya á. Onígíláàsì ló kọ ọ́. Mo mọ̀ pé Dókítà Hanekom ló yẹ kí n máa pè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti Cape Town wá síbí pẹ̀lú gíláàsì kékeré tó so mọ́ ọrùn, tó fi ń wo ewé, tó sì fi wo irùngbọ̀n rẹ, orúkọ wo ló tún kù?

Kò mọ̀ pé o ti kú. Ó kí ọ. Ó kí àwọn ewúrẹ́.

Ó ní òun ka àwọn okùn tín-ín-rín tó ru ìyẹ̀fun nínú òdòdó tí o fi ránṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá. Mẹ́rìndínlógójì! Ó ní kukumakranka, òdòdó ilẹ̀ gbígbẹ tí gbogbo wa mọ̀ lórí òkè yìí, kì í ní ju méjìlá lọ. Ṣùgbọ́n ewé tí o fi ránṣẹ́ nígbà òtútù èṣí, ewé kukumakranka lásán ni. Òdòdó ní òun yàtọ̀, ewé ní ará ilé ni òun. Èwo ni kí òun gbà gbọ́?

Ohun tó fẹ́ nìyí: òdòdó, èso àti ewé, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti orí àlùbọ́sà kan ṣoṣo wá, ìyẹn gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà. Ìwé ńlá tí ó ń kọ lórí gbogbo ìdílé kukumakranka yóò parí ní òpin Oṣù Karùn-ún. Tí kò bá rí i kó tó di ìgbà náà, ìlà kan ni yóò kọ nípa Aláìléwé wa, òdòdó tí o rí yìí, nísàlẹ̀ ti èyí tí gbogbo ayé mọ̀: "a rí òmíràn tí okùn rẹ̀ pọ̀."

Ìlà kan. Ọdún mẹ́rin tí o fi ń gun òkè Draaikop!

Inú ìwé tìrẹ ni mo ń kọ èyí sí. Ojú ìwé mẹ́tàlélógún lo lò. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí o dúró.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta

Mi ò sùn dáadáa. Mo ń ka okùn.


Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Mo gun Draaikop. Jẹ́ kí n tún un kọ: MO GUN DRAAIKOP. Orúnkún mi méjèèjì ń bú mi títí di báyìí. Bíṣọ́ọ̀bù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa, dúró ní ìdajì ọ̀nà, ó wò mí bí ẹni ń wo ẹlẹ́ṣẹ̀, kò rìn mọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Òórùn wọn ló kọ́kọ́ kí mi. Bíi gúáfà pípọ́n tí ẹnìkan gbàgbé sínú àpótí aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn òkúta rẹ, mọ́kànlá, nọ́ńbà funfun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì etí ewúrẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò tí o fi wáyà so mọ́ ọn. Òdòdó kọ̀ọ̀kan tó yọ ní Oṣù Kejìlá ló ní òkúta tirẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ẹ̀rín sì gbà á mọ́ mi lẹ́nu, torí o kọ 7 sẹ́yìn.

Klaas, wọ́n so! Méje nínú mọ́kànlá. Èso wọn ti yọrí láti inú ilẹ̀ gbígbẹ, láìsí ewé, láìsí igi, bí ìka ẹni tó sin ara rẹ̀ tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ti kukumakranka lásán a máa pọ́n yẹ́lò, a sì gùn gbọọrọ. Tìrẹ pupa bíi wáìnì! Orí rẹ̀ wú bí orí kùmọ̀, ó ní àmì tótòtó lára. Òkúta 1, 2, 5, 6, 8, 9, 10.

Wọ́n ṣì le. Mi ò fà wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ajá.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá kí mi. Antí Drieka kì í kan ilẹ̀kùn, o mọ̀. Kí n tó nu ọwọ́ mi tán, ó ti wà nídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti sọ nǹkan kan sínú àpò ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ. Ó ní, "Ìyàwó wa, wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀wù ọkùnrin máa rùn bí ilé tí wọ́n tì pa. Mo mú kukumakranka wá fún un."

Gúáfà.

Mo ya ẹnu àpò ẹ̀wù náà. Pupa, olórí kùmọ̀. Mo ní, "Antí, níbo lẹ ti fà á?"

O ò bá rí ojú tó fi wò mí! Ó ní, "Ilé ta ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa béèrè ibi tí àgbà ti fa kukumakranka? Ìyá mi tó bí mi wà lórí ìdùbúlẹ̀ ikú, mo bi í, ó yíjú sí ògiri. Ìwọ ni n óò wá sọ fún?"

Mo bi í pé mélòó ló fà. Ìyẹn kò ní èèwọ̀. Mẹ́ta. Ọ̀kan nìyí. Ọ̀kan ti wà nínú ìgò ọtí líle tí ó ń mu fún inú rírun. Ó fún ìyàwó pásítọ̀ ní ẹ̀kẹta, "ó sì ti jẹ ẹ́ kí n tó dé géètì, obìnrin ọ̀kánjúwà."

Mi ò lè bínú. Àwa náà ńkọ́? Ọdún mẹ́rin, èmi àti ìwọ ò sọ Draaikop fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá rí i kì í sọ. Bí a bá ti sọ, kò sí ẹni tí ì bá fà á.


Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹta

Lẹ́yìn ìsìn mo sáré gòkè pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ihò mẹ́ta. Òkúta 1, 8 àti 10. Èwo ló wà nínú ẹ̀wù, èwo ló wà nínú ọtí, mi ò mọ̀. Kò burú. Ó ku mẹ́rin: 2, 5, 6, 9. Mẹ́rin tó!


Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹta

Mo dúró sórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo pe Onígíláàsì. Mo sọ fún un pé o ti kú. Mo gbọ́ bó ṣe fa àga tó jókòó. Ó ní, "Màmá Lenie, mo kọ lẹ́tà yẹn bí ẹni ń bá a ṣe àríyànjiyàn ni. Mo fẹ́ kó bínú kó wá kó ohun tó kù wá."

Mo ní, "Èmi ni mo bínú. Kí ni kí n kó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá di olùkọ́. Kí n fa èso nígbà tó bá rọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀ pẹ̀lú ọtí líle, kí n fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà òkúta sórí bébà kékeré sínú ìgò. Pẹ́ńsùlù o, torí ọtí a máa fọ yíǹkì lọ. Lẹ́yìn náà kí n dúró de ewé, lójú òkúta kan náà. Tí òjò bá rọ̀.

Tí òjò bá rọ̀! Níbí! Ọdún kẹrin ọ̀dá!

Mo bi í pé, ṣé lóòótọ́ ni ewé nìkan lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní ewé ló máa ń sọ òótọ́ jù nínú ìdílé yìí, ṣùgbọ́n òun ló ṣòro jù láti so mọ́ òdòdó tó ni ín. Òdòdó lo ọjọ́ méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti lọ. Èso dé, ó lọ. Ewé kò ní dé títí tí gbogbo wọn á fi lọ tán. Ó ní, "Bí ẹbí tí kì í fẹ́ jókòó sídìí tábìlì kan."

Mo mọ irú ẹbí bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta

Mo fà wọ́n! 2, 5, 6, 9. Wọ́n yọ bọ̀rọ̀ bí eyín ọmọdé. Ìgò mẹ́rin lórí fèrèsé. Oòrùn wọ inú wọn, ilé pupa.


Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹrin

Kò sí òjò. Ọkọ̀ omi wá, wọ́n pín in, ìdílé kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Mo jókòó ti garawa tèmi, mo ń ronú. Èmi nìkan ni mo kù nílé. Báwo ni èmi nìkan ṣe ń wẹ̀ tó?

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sórí Bíṣọ́ọ̀bù.


Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹrin

Ìgbà kẹta tí mo bomi rin wọ́n. Òkúta mẹ́rin péré, àwọn tí èso wọn wà lọ́wọ́ mi. Ife mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ń mu ún bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Wọ́n ti rí mi. Lẹ́yìn ìsìn, Antí Drieka pariwo lójú gbogbo ìjọ: "Ẹ wá wo ìyàwó àbúrò mi o! Omi ìwẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wẹ òkúta lórí òkè! Ìyàwó wa, ṣé àwọn òkúta náà ti mọ́?" Mo ní wọ́n mọ́ ju ọrùn àwọn kan lọ. Pásítọ̀ fi ìwé orin bo ẹnu.

Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ti gun orí mi. Inú mi dùn, Klaas! Ìgbà wo ni inú mi ti dùn báyìí gbẹ̀yìn? Mo ń jí kí àkùkọ tó kọ.


Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹrin

Òkúta 5: ilẹ̀ wú díẹ̀. Bí ẹni pé nǹkan ń ti nísàlẹ̀. Tàbí ojú mi ni?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹrin

Òòrẹ̀.

Òòrẹ̀ olóríburúkú! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! 2, 5, 6, 9. Ó wú wọn tán, ó jẹ àlùbọ́sà wọn, ó fi ẹ̀gún méjì sílẹ̀ bí ẹni tó fi owó oúnjẹ sílẹ̀. Gbogbo Draaikop le bí irin, ibi mẹ́rin péré ló rọ̀. Ta ló mú un rọ̀? Èmi. Èmi ni mo tẹ́ tábìlì fún un, mo sì fi omi ìwẹ̀ mi se oúnjẹ rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí Bíṣọ́ọ̀bù fi wá wò mí.

Òkúta méje ló kù. 3, 4, 7, 11 kò so èso. Ó ku 1, 8, 10. Mo ní ìgò mẹ́rin tí kò ní àlùbọ́sà mọ́, mo sì ní àlùbọ́sà mẹ́ta tí mi ò mọ èso wọn. Ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ló lè so wọ́n pọ̀. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ Ẹtì Rere, 19 Oṣù Kẹrin

Mo mú lẹ́tà náà lọ sílé Antí Drieka. Ó ń se kọfí. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, àwọn okùn, ewé, ìlà kan nísàlẹ̀. Mo sọ nípa òkúta. Mo sọ nípa òòrẹ̀. Èyí nìkan ló rẹ́rìn-ín sí.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Klaas kò sọ fún mi." Mo ní, "Ẹ̀yin náà ò sọ fún un." Ó ní, "Láti kékeré la ti ń fa kukumakranka lórí òkè kan náà, tí oníkálukú ń gba ẹ̀yìn lọ?" Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní èéfín ni.

Ó bi mí bóyá tí òun bá sọ, wọn ò ní pe òdòdó Klaas ní ìlà kan mọ́. Mo ní bóyá. Tí ewé bá gbà.

Kọfí hó dànù. Ó ní, "Lenie, n ò lè sọ ọ́. Má bi mí mọ́. Ẹnu yìí kò ní sọ ọ́ títí wọn óò fi dì í nínú pósí."

Ó pe orúkọ mi. Kò pè mí ní ìyàwó wa. Mo wálé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹrin

Tẹ́tí, Klaas. Tẹ́tí!

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, Antí Drieka dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó wọ bàtà ọkọ rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó so epírọ̀ọ̀nù. Kò kí mi. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Mo tẹ̀lé e. A dé ìdí Draaikop, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ọ̀pá sókè: dákẹ́. Obìnrin ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó gun òkè yẹn bí ewúrẹ́ tó ṣe nǹkan tó fẹ́ sá.

Ó dúró nídìí òkúta 8. Ó ti ọwọ́ bọ inú epírọ̀ọ̀nù, ó mú ìgò ọtí inú rírun rẹ̀ jáde, èso náà ń léfòó nínú rẹ̀, ó gbé e lé orí òkúta náà.

Ó lọ sí òkúta 1. Ó fọwọ́ lu àyà rẹ̀, níbi tí àpò ẹ̀wù máa ń wà.

Ó lọ sí òkúta 10. Ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń jẹun lófìfo bí ìyàwó pásítọ̀, ojú dídì, ìka nínú ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun náà jókòó. Ó ní, "Ẹnu mi ò sọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló rìn, o rí i. Ẹsẹ̀ ò búra."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní òun lè gbàgbé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ òun, ṣùgbọ́n kò sí kukumakranka tí òun fà láti ìgbà tí òun ti ní eyín tí òun ò lè padà sí ihò rẹ̀.

Nọ́ńbà 8 wà nínú ọtí líle, Klaas! Bí Onígíláàsì ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́! Ó ku kí a fi bébà pẹ́ńsùlù sínú rẹ̀. Antí ní a lè gba ìgò náà, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé inú òun á máa run nítorí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

A fi ẹ̀gún àti irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ bo òkúta méjèèje. Kò sí bíbomi rin mọ́. Kí òjò wá fúnra rẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, 21 Oṣù Kẹrin

Ẹran ewúrẹ́ nílé Antí. Ó fún ìyàwó pásítọ̀ ní egungun.


Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹrin

Ìkùukùu láti ọ̀nà òkun. Gbogbo abúlé jáde, a na ọrùn. Ó kọjá lọ bí olówó tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìbátan.


Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹrin

ÒJÒ!

Pásítọ̀ wà ní orí kejì ìwàásù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, tà, tà, lẹ́yìn náà bí ẹni tú àgbàdo dànù. Pásítọ̀ wo òkè. Ó ní, "Àmín," ó sì kọ́kọ́ jáde! Gbogbo wa wà lóde nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ya ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ. Antí Drieka di ọwọ́ mi mú, ó ń pariwo sí etí mi pé, "Mẹ́jọ! Mẹ́jọ! Mẹ́jọ!" Àwọn tó wà nítòsí rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń kà.

Ó rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òórùn ilẹ̀, Klaas. O rántí òórùn ilẹ̀?


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Karùn-ún

Ewé kan ti yọ lẹ́bàá òkúta 8. Tín-ín-rín, ó dán, ó lọ́ bí ìṣó oníyípo tí wọ́n ń fi de nǹkan mọ́ pákó.

Mo mọ̀ ọ́n. Antí náà mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ wà nínú ìwé yìí, ojú ìwé kọkànlá, o yà á dáadáa. Ewé tí o fi ránṣẹ́ nìyẹn. Ewé kukumakranka lásán.

Antí ní, "Ó dáa náà, ó jẹ́ arẹwà lójú tirẹ̀." A sọ̀kalẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Karùn-ún

Ìlà kan ni, nígbà náà. Mi ò lọ sí ìsìn.


Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún

Mi ò fẹ́ ka ìwé rẹ. Mo kà á.

Ojú ìwé kọkànlá, Oṣù Keje èṣí: "Mo rí ewé lórí Draaikop lápá ibi tí òdòdó máa ń yọ. Òun ni yóò jẹ́." Òun ni YÓÒ jẹ́! O ò tíì ní òkúta nígbà yẹn! Oṣù Kejìlá lo ṣẹ̀ṣẹ̀ to òkúta. Nígbà tí òdòdó wà, ewé ò sí. Nígbà tí ewé wà, òdòdó ò sí. O wo àdúgbò kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún, o ní ẹni kan náà ló ń gbé ibẹ̀.

Ojú ìwé kọkàndínlógún: "Òkúta wà ní àríwá òdòdó, ìbú àtàńpàkò kan láàárín wọn."

Mo gun òkè láìmu kọfí. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Ewé ìṣó náà wà ní ìwọ̀ oòrùn òkúta 8, ó jìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àti ààbọ̀. Kì í ṣe gúúsù! Kì í ṣe àtàńpàkò! Lẹ́bàá òkúta fúnra rẹ̀, níbi tí Antí ti fà á, ihò náà ṣì wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Kò sí nǹkan kan SÍBẸ̀.

Mo sáré sọ fún Antí. Ó ní, "Aládùúgbò!" ó sì lu tábìlì débi pé ife ṣubú. "Aládùúgbò ló ń dáhùn orúkọ ẹni ẹlẹ́ni!"

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù kí ìwé Onígíláàsì parí.


Ọjọ́rú, 8 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ dìbò. Wọ́n fi yíǹkì sí èékánná mi. Òtútù mú. Kò sí nǹkan kan ní 8.


Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Karùn-ún

Ó ti yọ. Ó ti yọ. Ó ti yọ.

Ìbú àtàńpàkò kan, gúúsù òkúta 8, láti inú ihò náà gan-an. Ewé méjì. Kì í ṣe ìṣó, kò dúró, kò lọ́. Pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀ bí ẹni tó rìn jìnnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé. Irun funfun yí etí rẹ̀ ká, ìrì ọwọ́ àárọ̀ wà lórí gbogbo irun náà. Mo gbé etí rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìka kan. Abẹ́ rẹ̀ pupa! Pupa èso náà gẹ́lẹ́!

Mo lọ sí 1. Ó wà níbẹ̀. 10. Ó wà níbẹ̀. 3, 4. 11 ṣì ń ronú. 7, tí o kọ sẹ́yìn, tirẹ̀ ló tóbi jù.

Mo fi àtàńpàkò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé 8 láti fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn, mo yà á, yíǹkì ìbò dúdú lórí èékánná. Mo sáré dé àpáta nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo fi ránṣẹ́. Mi ò tíì mí tán tí fóònù fi dún. Onígíláàsì ń pariwo bí ọmọ ilé ìwé. "Màmá Lenie! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ rí i! Ṣé àtàńpàkò yín ló dúdú báyẹn?" Mo ní ìjọba ló fà á. Ó ń bọ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Karùn-ún

Ó dé, ọkọ̀ rẹ̀ kún fún páálí àti ìwé ìròyìn gbígbẹ. Gíláàsì ṣì wà lọ́rùn. Ó ti lọ sí ibojì rẹ kó tó yọjú sí mi, mo rí iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lára bàtà rẹ̀. Antí Drieka fún un ní wàrà kíkan, ó bi í bóyá ó lọ́kọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó bi í bóyá ó jẹun.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Karùn-ún

A gùn ún, àwa mẹ́ta. Onígíláàsì dọ̀bálẹ̀ nídìí òkúta 8 bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ ní Oṣù Kẹta. Ó lo wákàtí kan àti ṣíbí. Ọ̀kan péré la wú. Ó ní ọ̀kan tó, kí àwọn yòókù máa bá ayé wọn lọ.

Nígbà tó gbé e sókè, ó pè wá súnmọ́ra. Àlùbọ́sà kan. Ewé méjì lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, ọrùn gbígbẹ tó já, níbi tí ọwọ́ Antí ti fa èso kúrò. Ó gbé èso inú ọtí sójú ibi tó ti já náà: ó bá a mu bí ìdérí bá ìkòkò rẹ̀. Lórí èso náà, bí irun tó gbẹ, ìdí òdòdó Oṣù Kejìlá ṣì so mọ́ ọn. Ẹbí jókòó sídìí tábìlì kan.

Antí ní, "Ó yá, Dókítà. Sọ ọ́. Àwa ìyá àgbà ò lè dúró lórí òkè títí alẹ́."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì lójú. Ó ní, "Ó dá dúró. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé, àfi orí òkè yìí." Ó ní Gethyllis ni orúkọ ìdílé wọn, yóò sì jẹ́ Gethyllis dirksei, láti ara orúkọ rẹ Dirkse. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí Antí lè fi kọ́ ẹnu. Antí ti ń pè é láti ìgbà náà, ó pe Bíṣọ́ọ̀bù náà ní dirksei nígbà tó kọ̀ láti rìn.

Nílé, Onígíláàsì tẹ́ páálí méjì tí wọ́n ń lẹ ohun ọ̀gbìn gbígbẹ mọ́ sórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, òfìfo, ti 8. Èkejì ni tìrẹ: òdòdó Oṣù Kejìlá rẹ àti ewé ìṣó èṣí lórí páálí kan, ọwọ́ rẹ lórí bébà ìsàlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Orúkọ tuntun gbọ́dọ̀ dúró lórí páálí kan ṣoṣo títí ayé, kò sì lè jẹ́ tìrẹ, torí ohun ọ̀gbìn méjì ló wà lórí rẹ̀. Ti 8 ni yóò jẹ́. Orúkọ ẹni tó kó o jọ ni yóò sì wà níbẹ̀. L. Dirkse, nọ́ńbà 1.

Mo ní rárá. Mo ní Klaas ló rí i. Ó ní, "Òdòdó gba orúkọ rẹ̀. Òótọ́ náà gbọ́dọ̀ gba tiyín."

Mo bi í pé páálí rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n á jù ú nù, ṣé wọ́n á fi nǹkan pa ohun tí o kọ rẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ó ní wọn kì í pa ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ rẹ́ láéláé. Ẹni tó bá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ a kọ bébà pélébé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a fọwọ́ sí i. Méjèèjì á jọ wà nínú àpótí kan náà fún igba ọdún. Ó na bébà pélébé náà sí mi. Ó ní, "Èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi mi:

"Òdòdó: bẹ́ẹ̀ ni. Ewé: rárá, ti aládùúgbò ni. L. Dirkse."

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbẹ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi gbé pọ̀, Klaas. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́, lórí páálí, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù, pé ìwọ lo ṣì í. Mo yíjú sí àga rẹ kí n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.